Ẹ yéé fi ‘crass’ rọ́pò ‘rude’: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Iṣẹ́ mi ni láti máa tún ìwé tí àwọn ènìyàn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn oníbàárà mi sì ti mọ̀ pé ara mi kì í gbà á bí mo bá rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn kì bọ inú ìwé nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé. Nínú gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ‘crass’ ni ó ń bí mi nínú jù. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé a máa sanwó fún ètò orí kọ̀ǹpútà tí ń fi ọ̀rọ̀ ńláńlá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kéékèèké, lẹ́yìn náà wọn a tún wá sanwó fún mi kí n lè tún ohun tí ètò náà bà jẹ́ ṣe. N kò ní purọ́, owó náà wúlò fún mi, ṣùgbọ́n ó ti sú mi.

Àṣìṣe kìíní, tí ó jẹ́ ìyá gbogbo wọn, ni fífi ‘crass’ sí ibi gbogbo tí ‘rude’ bá wà. ‘Rude’ gbòòrò: ó kan ẹni tí ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ẹni tí a kí tí kò dáhùn, àti ẹni tí ń búni lójúkojú. ‘Crass’ ní tirẹ̀ ń bá ẹni tí kò ro ti ẹlòmíràn wí, ẹni tí kò wo ojú ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Bí ẹnì kan bá lọ kí opó tí kò tíì sin ọkọ rẹ̀, tí ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè iye tí yóò ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olóògbé, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó tilẹ̀ lè fi ‘ẹ jọ̀wọ́’ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ‘crass’ gan-an ni ìbéèrè náà ń jẹ́.

Àṣìṣe kejì: ‘crass’ kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹnikẹ́ni kò lè ‘crass’ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni ‘crass course’. Mo ti rí i lára pátákó ìpolówó, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ ‘crash course’ fún ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí, owó pátákó sì wọgbó.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwa tí a ń fi Yorùbá ronú kí a tó kọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa a máa wo ipò kí a tó pe ìwà ní àfojúdi tàbí ọ̀yájú: a ó béèrè ẹni tí ó jẹ́ àgbà, ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé, àti ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá. Nígbà tí a bá wá ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gbé àfojúdi náà, a ó gbá ‘crass’ mú nítorí pé ó le létí. ‘Crass’ kò ka ipò sí rárá. Ọ̀gá tí ń fi ọkọ̀ tuntun yangàn níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ dá dúró ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó ń hùwà ‘crass’, bẹ́ẹ̀ òun ni àgbà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí a rán níṣẹ́ tí ó kọ̀ jálẹ̀ jẹ́ ‘insubordinate’. Bí ó bá fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọ̀gá, ‘insolent’ ni. Ọ̀gá kan sanwó fún akọ̀wé kan kí ó bá òun kọ ìwé ìbáwí sí òṣìṣẹ́ kan, akọ̀wé náà sì pe àìgbọ́ràn òṣìṣẹ́ náà ní ‘crass’ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ̀hún, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wọ́n lọ, fèsì tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ ẹni tí òun dá lọ́gbẹ́ ọkàn, kí òun lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé ìwé wá sọ́dọ̀ mi, bí ẹni tí ń gbé òkú wá fún oníṣègùn.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé láti ara Marcus Licinius Crassus, olówó Róòmù tí ó kú ní Carrhae ní ọdún 53 ṣáájú ìbí Kristi, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ‘crass commercialism’, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ owó ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. ‘Crassus’ nínú èdè Látìn túmọ̀ sí ohun tí ó nípọn. Òun ni orúkọ ìdílé ọkùnrin náà, òun náà ni ó sì wà nínú orúkọ ewéko Crassula tí ewé rẹ̀ ki. Ní ọ̀rúndún 16 ni Gẹ̀ẹ́sì yá a lò, láti ara ohun tí ó nípọn ni ó sì ti bọ́ sára ọpọlọ tí ó nípọn. Ìdí nìyẹn tí ‘crass ignorance’ kò fi ní ìwà àrífín nínú: àìmọ̀kan tí ó burú jáì ni. Àkójọ òfin Ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1917 lo ọ̀rọ̀ Látìn yìí kan náà fún àìmọ̀ ẹni tí kò gbìyànjú láti wádìí, kò sì gbà á ní àwáwí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má da àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ àlùfànṣá jẹ́ ‘crude’. Ẹni tí ń dáni lóhùn ṣókí bí ẹni tí kò ráyè jẹ́ ‘brusque’. Ẹni tí ó rí ìrora ẹlòmíràn kedere, tí kò sì kàn án, jẹ́ ‘callous’, ọ̀rọ̀ tí ó ti ara awọ tí ó yi wá; èyí burú ju ‘crass’ lọ, nítorí pé oní-‘crass’ lè má tilẹ̀ rí ìrora náà.

‘Crasser’ àti ‘more crass’ dára bákan náà, ẹ fi àwọn ẹni tí ń jà lórí rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ‘crass’ máa ń bá rìn ni ‘remark’, ‘joke’, ‘question’, àti ‘materialism’. Bí ẹ bá sì ń kọ lẹ́tà láti tọrọ àforíjì nítorí pé ẹrù oníbàárà pẹ́, ẹ má kọ ‘our crass delay’ bí ilé-iṣẹ́ kan ti ṣe, kí ẹ má baà fi ẹnu ara yín jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi ju èyí tí ẹ dá lọ. ‘Long’ ti tó.