Bí Ẹ Ṣe Lè Gbádùn Òtẹ́ẹ̀lì Kékeré Tó Ní Púùlù àti Spa ní Ìbàdàn

Ibi ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó bí àkọ́bí mi. Yàrá mọ́kànlá ni a ní, púùlù kan lẹ́yìnkùlé, àti spa oníyàrá méjì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe màsáàjì àti ìtọ́jú ara, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Àwọn èèyàn máa ń ti Èkó wá lọ́jọ́ Ẹtì láti sinmi títí di ọjọ́ Àìkú. Títí di òní, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ṣì ń pè mí kí wọ́n tó san owó irú yàrá bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí.

Ohun tó ṣe kókó jù ni pé, ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo nǹkan. Ẹnì kan ló ń ṣe màsáàjì, ẹnì kan ló ń se oúnjẹ, jẹnẹrétọ̀ kan ló ń gbé gbogbo ilé. Nítorí náà, ẹ tètè máa sọ ohun tí ẹ bá fẹ́. Àlejò tó dákẹ́ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó tó béèrè màsáàjì yóò bá ẹni mẹ́ta níwájú.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mọ sórí WhatsApp nìkan. Láti inú ohùn ẹni tó bá gbé fóònù lẹ ó ti mọ̀ bóyá ó mọ inú ilé náà dunjú. Àwòrán tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé náà, torí náà ẹ ní kí wọ́n fi fóònù ká púùlù náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Ilé tí omi rẹ̀ bá mọ́ kì í fi ìyẹn falẹ̀.

Abéèrè kì í ṣìnà, ẹ má tijú owó rárá. Ẹ béèrè bóyá VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà àti iṣẹ́, ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT ní Nàìjíríà láti ọdún 2020, àwọn ilé kan a sì tún fi owó iṣẹ́, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, lé e. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá tí wọ́n pè ní 80,000 náírà yóò fi gbé 6,000 VAT àti 8,000 owó iṣẹ́ dání, tí yóò sì di 94,000 fún alẹ́ kan. Bí ẹ bá sun alẹ́ méjì, 28,000 ti kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe màsáàjì.

Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé a sì máa pa á láàárọ̀ bí iná ìjọba kò bá sí, torí wọ́n gbà pé àlejò ti jáde lọ. Ẹni tó wá sùn títí di aago mọ́kànlá gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìnfátà wọn lè gbé fáànù inú yàrá ní àkókò yẹn. Kí ẹ tún wá béèrè bóyá òde wà. Sátidé ni Sátidé ní Ìbàdàn! Etí púùlù kan náà tí ẹ fẹ́ jókòó sí ni wọ́n ń yá fún ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, pẹ̀lú gbohùngbohùn ńlá méjì. Bí òde bá wà, ẹ sún ọjọ́ yín sí Àìkú títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yàrá máa ń ṣófo lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ẹ sì lè dúnàádúrà. Ọmọ ibi ìgbàlejò kò láṣẹ láti dín owó kù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọ̀gá yín sọ ọ́," yóò bá yín sọ ọ́. Bí ẹ bá fi ariwo gbà á, kò ní dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì gba àkókò màsáàjì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é kì í sábà gbé inú òtẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni wọ́n ń pè wọ́n wá.

Láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin ló dẹrùn jù lójú tèmi. Láti ọdún 2021 ló ti ń gbé èrò láti Èbúté Mẹ́ta dé Mọníyà. Mọníyà kò sí láàárín ìgboro o, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ gba Ọ̀jọ́ọ̀ kí ẹ tó dé Bódìjà, ẹ fi ìyẹn kún owó ọkọ̀ àti àkókò yín.

Nígbà tí ẹ bá dé

Aago méjì ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ilé ń fún èèyàn ní yàrá. Bí ẹ bá dé ṣáájú, wọ́n á bá yín tọ́jú ẹrù, torí náà aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kó sókè pátápátá nínú báàgì.

Inú yàrá, ẹ má tíì tú ẹrù. Ẹ ṣí omi, ẹ fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú, ẹ ṣí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wò. Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, lóde, ni bọ́tìnnì rẹ̀ sábà máa ń wà, iná pupa kékeré á tàn lára rẹ̀. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí omi tó gbóná dáadáa. Bí ohun kan kò bá ṣe é, ẹ sọ ọ́ nígbà tí báàgì ṣì wà ní dídì. Yàrá tí ẹ kò tíì lò, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá ti wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí wọ́n tó lè fún ẹlòmíràn, wọn á sì máa bẹ̀ yín pé kí ẹ fara dà á.

Púùlù

Ẹ dúró létí rẹ̀ níbi tó jìn jù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí irin oníhò tí ẹ̀rọ ń gbà fa omi. Bí ẹ bá rí àwọn ihò rẹ̀ kedere láti òkè, omi náà mọ́. Bí ẹ kò bá rí wọn dáadáa, ẹ má wọ̀ ọ́, kódà bí wọ́n bá ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ da kẹ́míkà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ bọ omi, ẹ fi ìka pa ara ògiri. Bí ó bá ń yọ̀, nǹkan tútù ti ń hù sí i.

Chlorine ni kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi púùlù. Àwọn èèyàn gbà pé púùlù tí òórùn chlorine rẹ̀ ń ta nímú ló mọ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí chlorine bá pàdé òógùn, ìtọ̀ àti ìpara ara ni òórùn líle yẹn máa ń jáde. Ẹni tó ń tọ́jú púùlù ní àpótí kékeré kan tó ní ihò méjì: á bu omi sí i, á kán oògùn sí ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á pọ́n bí òróró, èkejì á pọ́n bí zobo tí wọ́n bu omi là. Àwọ̀ yẹn ló máa fi wé èyí tó wà lára àpótí. Nọ́ńbà chlorine lára àpótí yẹ kó wà láàárín 1 sí 3 (ppm), ti pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, láàárín 7.2 sí 7.8. Ẹ ní kó ṣe é lójú yín. Inú àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń dùn tí àlejò bá béèrè. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ dúró kó tún wọn omi náà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, bí àrá bá sì ń sán, kí gbogbo yín jáde.

Púùlù òtẹ́ẹ̀lì kékeré kì í sábà jìn. Ọ̀pọ̀ wọn ò ju mítà 1.2 lọ níbi tí èèyàn ti ń wọlé, kò sì ju àyà àgbàlagbà lọ. Ẹ má fi orí bẹ́ sínú rẹ̀ láé, ọrùn ló ń kán. Ní ọ̀pọ̀ ilé, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ omi. Ẹni tí ẹ rí níbẹ̀, ohun mímu ló ń tà. Nítorí náà, bí ẹ bá kó ọmọ wá, kí àgbàlagbà kan fi ojú sí wọn láìwo fóònù, kí ẹ sì máa gbà á fún ara yín. Ọmọ tó ń rì sínú omi kì í pariwo. Ọmọbìnrin tó bá di irun tó gùn, ẹ so ó mọ́ orí fún un, kó má sì jókòó sórí irin oníhò yẹn, torí ẹ̀rọ lè fa irun sínú rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì sí mi gan-an, mo sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá tó bá wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ bìkítà fún irun yín, ẹ fi omi ẹ̀rọ rẹ irun náà dáadáa kí ẹ tó wọ púùlù, kó má bàa fa omi kẹ́míkà mu púpọ̀, ẹ fi òróró àgbọn díẹ̀ sí i, ẹ dé fìlà rọ́bà lé e. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà àti òrùka sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, omi máa ń tutù gan-an láàárọ̀. Aago mẹ́ta sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló dára jù.

Spa

Ẹ kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, ẹ wẹ̀, ẹ wọ yàrá ooru, kí ẹ tó wá ṣe màsáàjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe màsáàjì tó wá bọ́ sínú púùlù ń kó òróró da omi rú ni, ó sì ti fi owó ara rẹ̀ ṣòfò. Ẹ má fá irun ara ní ọjọ́ yẹn, kẹ́míkà àti ọṣẹ á máa ta á.

Yàrá ooru gbígbẹ ni sauna, ooru rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 70 sí 90 lórí ìwọ̀n Celsius. Yàrá olóoru omi kò ju nǹkan bíi 45 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀ débi pé òógùn kì í gbẹ lára. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ jókòó, torí òkè ni ooru ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ jáde, ẹ mu omi. Aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àrùn ọkàn, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ti mu ọtí, kó má wọ̀ ọ́ rárá. Ẹ tún rántí pé wọ́n gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ náà bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, ẹ pe ibi ìgbàlejò láti inú yàrá yín.

Nínú gbogbo ohun tó wà lórí ìwé iye owó wọn, bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ ara, tí wọ́n á sì fi òrí pa yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mú un. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹrẹ̀ àti òkúta gbígbóná lọ, ara á sì máa dán fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti màsáàjì, ẹ jẹun ní wákàtí méjì ṣáájú, pàápàá bí ó bá jẹ́ àmàlà. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú bóyá obìnrin tàbí ọkùnrin lẹ fẹ́. Wọ́n á fún yín ní aṣọ ìnura ńlá, ibi tí wọ́n ń fọwọ́ kàn nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹ sọ ibi tó ń ro yín, àti ibi tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀: ọmọ tó ń pè yín ní màmá tàbí dádì lè máa bẹ̀rù láti béèrè bóyá ọwọ́ òun ti le jù. "Rọra, ọmọ mi" ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ lọ síbi tí kò yẹ, ẹ dìde, ẹ jáde, ẹ sọ fún ọ̀gá ilé. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá sì wú lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, tó ń ro yín, tó gbóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ pa á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, torí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ má tètè fọ òróró náà kúrò. Ẹ tẹ́ ìró àtijọ́ kan sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sùn. Mo sọ ìró torí òróró kì í ṣí kúrò lára aṣọ funfun, àwọn ilé kan sì máa ń gba owó rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀bùn lé ẹni tó ṣe é lọ́wọ́ tààrà.

Oúnjẹ àti ìgbà ìlọ

Ẹ sọ oúnjẹ àárọ̀ yín láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí kò sí lórí ìwé wọn, bí ewédú àti gbẹ̀gìrì, ẹ sọ ọ́ kí alásè tó lọ sí ọjà Bódìjà láàárọ̀, kì í ṣe nígbà tí ebi bá ti ń pa yín.

Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń gba yàrá padà. Lọ́jọ́ Àìkú tí àlejò tuntun kò pọ̀, wọ́n lè fi wákàtí méjì kún un fún yín láìgba kọ́bọ̀, bí ẹ bá béèrè ní alẹ́ Sátidé. Bí wọ́n bá ti gba owó ìdúró lọ́wọ́ yín, èyí tí wọ́n máa dá padà bí ẹ bá ń lọ, ẹ dúró níwájú wọn títí àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á fi wọlé. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kí ẹ tó jáde, ibẹ̀ ni aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tútù máa ń kọ́ sí. Òun àti ṣájà fóònù ni àlejò ń gbàgbé jù. Bí ẹ bá rántí lójú ọ̀nà, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sọ nọ́ńbà yàrá yín, kí wọ́n lè bá yín fi pamọ́ kí ẹni tó ń fọ aṣọ tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.