Bí Mo Ṣe Ní Ọ̀pá Ìpẹja Tó Bá Apá Mi Mu

Àwa tí a ń pẹja ní etí òkun Texas, pàápàá ní Galveston Bay, inú omi gan-an la máa ń wọ̀. Èèyàn á rìn títí omi yóò fi dé e ní ìbàdí, á dúró síbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, á máa ju ìjẹ onírọ́bà síwájú, á fà á padà díẹ̀díẹ̀, á tún jù ú. Ẹja redfish àti ẹja speckled trout là ń wá. Kò sí ibi tí a óò gbé ọ̀pá tì nínú omi, ọwọ́ ló máa wà láti ìdájí títí oòrùn yóò fi mú. Ìdí nìyẹn tí ohun kékeré tí kò tọ́ lára ọ̀pá fi máa ń di ìrora ọrùn ọwọ́ àti èjìká kí a tó padà sílé.

Ọ̀pá tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò burú. Ilé ìtajà ńlá kan ni mo ti rà á, mo sì ti fi mú ẹja tó pọ̀. Ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀ gùn fún mi, ìdí rẹ̀ a máa gbá bẹ́líìtì mi nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ ja okùn sísàlẹ̀. Orí rẹ̀ tún wúwo: tí mo bá fi ìka kan gbé e níwájú ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí, ṣónṣó rẹ̀ a tẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi ló sì ń gbé orí yẹn sókè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí owó ọ̀pá tuntun wà lọ́wọ́, mo jókòó rò ó dáadáa: ṣé kí n tún ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe parí ni, àbí kí n wá èyí tí a fi ọwọ́ ṣe sí ìwọ̀n mi?

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ máa ń lọ sómi láti Houston, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, inú iṣẹ́ ẹja ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹja kò mọ iye tí o ra ọ̀pá o. Ra ti ilé ìtajà, kí o fi owó yòókù ra epo mọ́tò." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n apá mi ni mo ń rò, kì í ṣe ẹja."

Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo kọ́kọ́ lọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ẹni tó ń fọwọ́ ṣe ọ̀pá ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀pá fúnra rẹ̀, nígbà tí kò tíì ní àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá, tí kò sì tíì ní èèkù, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní blank, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Aṣọ káábọ̀nù tí oje ti wà lára rẹ̀ ni wọ́n máa gé, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i mọ́ irin gbọọrọ kan tó tín-ín-rín lórí tó sì nípọn nídìí, wọ́n á fi tépù dì í pinpin, ó di inú ààrò. Nígbà tí oje bá gan, wọ́n á fa irin náà yọ. Ìgbóná ààrò gbọ́dọ̀ péye, ẹ̀rọ tó ń yí aṣọ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ dọ́gba, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Park Falls ní Wisconsin ni ilé-iṣẹ́ ọ̀pá tó ń jẹ́ St. Croix ti ń ṣe tiwọn, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ta blank lásán fún ẹni tó bá fẹ́. Ohun ìgbàlódé ni káábọ̀nù nínú ìpẹja o. Oparun ni wọ́n lò pẹ́ jù, fáíbàgíláàsì tẹ̀ lé e, ìgbà tó di 1973 ni ilé-iṣẹ́ Fenwick gbé ọ̀pá káábọ̀nù jáde ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ara ọ̀pá ni mo fẹ́ sanwó lé lórí, torí ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe ara ọ̀pá ilé ìtajà àti ti àfọwọ́ṣe. Bí èèkù ṣe gùn tó, ibi tí ríìlì jókòó sí, irú òrùka, iye wọn, àti àlàfo tó wà láàárín wọn, àwọn wọ̀nyí ló lè yí padà. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ìwọ̀n kan tí ẹni gíga àti ẹni kúkúrú yóò jọ lè lò, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Mo mú ríìlì mi àti tépù dání, mo lọ sí ilé ìtajà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti ṣe èyí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ so ríìlì yín mọ́ ọ̀pá, torí ọ̀pá tí kò ní ríìlì lára kò lè sọ bí yóò ṣe rí lọ́wọ́. Mo wọn èèkù ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé e lé ìka, mo wo ojú òrùka láti ìdí dé ṣónṣó bóyá wọ́n tò gún régé. Iye wọn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí dọ́là 60 títí kọjá 300. Ọ̀kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí lọ́kàn, ẹsẹ̀ bàtà 7, ó fúyẹ́, ó yára gbé ìjẹ. Èèkù rẹ̀ ṣì fi íǹṣì 2 gùn ju ohun tí mo lè lò nínú omi lọ. Ọmọ tó ń tajà ní wọ́n lè bá mi gé e. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí a bá gé, orí ni yóò tún wúwo sí i, ìyẹn sì ni ẹjọ́ tí mo gbé wá.

Mo ra ọ̀pá kan níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ṣá, fún ọmọ mi ọkùnrin. Tòun kò gba àròjinlẹ̀ kankan. Orí Texas City Dike lòun ti máa ń pẹja, ògiri òkúta tó wọ inú omi lọ ní nǹkan bí máìlì 5. Ọ̀pá yóò ṣubú níbẹ̀, yóò fara gbá òkúta, ọmọ náà ṣì ń ga, ìwọ̀n apá rẹ̀ ti ọdún yìí kò ní wúlò fún ti ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pá ilé-iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú tó ní gàráńtì ló yẹ ẹ́, inú mi sì dùn sí èyí tí a rà.

Fún ti ara mi, mo lọ bá bàbá àgbà òyìnbó kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ó ń ṣe ọ̀pá, ó sì ń ta àwọn ohun èèlò rẹ̀. Kò bi mí ní iye tí mo ní. Ó bi mí pé irú ìjẹ wo ni mo ń jù, báwo ló ṣe wúwo tó, okùn wo ló wà nínú ríìlì mi, ibo ni omi máa ń dé lára mi. Ó ní kí n di ọ̀pá kan mú bí ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ó wá fi tépù wọn mí láti ibi ríìlì dé ìgúnpá, bí télọ̀ ṣe ń wọn apá àgbádá. Íǹṣì 9 ló kọ sílẹ̀. Ó ní tí òun bá ṣe é fún mi, dọ́là 400 ó lé, màá sì dúró fún oṣù díẹ̀ torí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Tàbí kí n ra àwọn ohun èèlò, kí n ṣe é fúnra mi, ohun tó bá rú mi lójú kí n gbé e wá. Èyí ni mo mú. Èmi ni mo máa ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi, iṣẹ́ wẹ́wẹ́ tó gba sùúrù máa ń wù mí.

Blank ẹsẹ̀ bàtà 7 la yàn, èyí tó wà fún okùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 8 sí 14. Òrùka ló jẹ owó jù lẹ́yìn blank. Mo mú ti Fuji, ilé-iṣẹ́ Japan kan, tí irin rẹ̀ jẹ́ títáníọ́ọ̀mù, nítorí pé omi iyọ̀ kì í jẹ́ kó dípẹtà, ó sì fúyẹ́. Ìwúwo kékeré ní ṣónṣó máa ń wúwo ju ìwúwo ńlá nídìí lọ. Tí mo bá ka èèkù kọ́ọ̀kì, ìjókòó ríìlì, òwú àti epoxy (gúlúù alápá méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè gan) pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ sún mọ́ dọ́là 300.

Mo kọ́kọ́ wá ìhà tó le jù lára blank. Èèyàn á gbé ìdí rẹ̀ lé tábìlì, á tẹ àárín rẹ̀, á máa yí i, yóò sì rí i pé ó ń fò lọ sí ìhà kan fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí a bá to òrùka sórí ìlà yẹn, ọ̀pá kò ní yí mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹja ńlá bá ń fà á. Bàbá náà kò gbà. Ó ní nígbà tí òrùka bá wà lókè, okùn yóò máa fẹ́ fà á lọ sísàlẹ̀, ibikíbi tí ìhà líle náà ì báà wà. Ó fi hàn mí lára ọ̀pá kan: ó fa okùn, ọ̀pá náà yí lóòótọ́. Ó wá gbé òmíràn, tí òrùka tó sún mọ́ ríìlì wà lókè, èyí tó tẹ̀ lé e yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, òmíràn tún yẹ̀ sí i, títí àwọn tó kù fi wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó fa okùn, ọ̀pá náà dúró jẹ́ẹ́. Nínú gbogbo èyí tí mo gbé wò ní ilé ìtajà, kò sí ọ̀kan tí wọ́n to òrùka rẹ̀ báyìí. Ojú kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá rí i lè rò pé ó wọ́. Èmi mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni màá to tèmi.

Ìjókòó ríìlì àti èèkù kò le. Ihò ìjókòó náà fẹ̀ ju blank lọ, mo fi tépù oníwèé yí blank ká ní ibi mélòó kan kó lè fún mọ́ ọn, mo fi epoxy dí àlàfo tó kù, mo sì nu èyí tó yọ jáde kó tó gan. Kọ́ọ̀kì ni mo fi ayùn yíyípo họ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlé.

Ibi tí òrùka yóò wà ni mo pẹ́ sí jù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé owó ọ̀pá àfọwọ́ṣe wà. Ìwé tó bá blank wá sọ àlàfo tí èèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀: òrùka sún mọ́ra ní ṣónṣó, wọ́n ń jìnnà síra bí a ṣe ń bọ̀ nídìí. Mo fi rọ́bà tín-ín-rín so wọ́n mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, mo ki okùn bọ inú wọn, mo so orí okùn mọ́ ike omi tó kún lórí ilẹ̀, mo wá gbé ọ̀pá sókè títí ó fi tẹ̀ bí ìgbà tí ẹja wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ibi tí okùn ti já kúrò lára ọ̀nà tí ọ̀pá tẹ̀ sí, ó ń sọ fún mi. Ibi tí okùn bá ti gé kọ́nà, òrùka ibẹ̀ jìnnà jù, a á sún un. A ṣe é títí okùn fi tẹ̀ lé ọ̀pá láti òkè délẹ̀. Ẹrù tó ń bọ̀ lórí ọ̀pá pín káàkiri nìyẹn, kò sí ojú kan tó ń jìyà.

Òwú ọ̀rá tín-ín-rín ni wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ òrùka mọ́ ọ̀pá. Mo kọ́kọ́ fi fáìlì họ imú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí òwú lè gùn ún láìfò. Àwọ̀ aró ni mo lò, torí epoxy máa ń mú òwú dúdú sí i, funfun á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tí a kò bá kọ́kọ́ fi oje ìdáàbòbò pa á. Síríǹjì méjì ni mo fi wọn epoxy, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè dọ́gba. Mo rọra pò ó kí afẹ́fẹ́ má há sínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí òwú, mo gbé ọ̀pá lé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí i jẹ́jẹ́ mọ́jú, kí epoxy má bàa ṣàn jọ sí apá kan. Òrùka ṣónṣó nìkan la kì í fi epoxy lẹ̀. Gúlúù tó ń yọ́ lójú iná la máa ń lò síbẹ̀, torí òun ló máa ń tètè bàjẹ́, a sì gbọ́dọ̀ lè yọ ọ́.

Nígbà tí mo gbé e dé omi, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò fi ara pamọ́. Ìdí èèkù kò kan bẹ́líìtì mi mọ́. Mo gbé e lé ìka níwájú ríìlì, ó dúró gbọọrọ. Redfish kan gbé ìjẹ, ó wà láàárín íǹṣì 20 sí 28 tí òfin Texas fi àyè gbà wá láti mú, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ koríko lọ, ọ̀pá tẹ̀, kò yí. Mo gbé e fún Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n jù ú, wọ́n tún un jù, wọ́n ní, "Ó fúyẹ́ o. Ṣùgbọ́n èèkù yìí kúrú fún mi." Wọ́n ga jù mí lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yẹ kó rí.

Ohun kan wà tí ọ̀pá ilé-iṣẹ́ fi borí rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ná owó. Tí ti ọmọ mi bá kán, gàráńtì wà, wọ́n á fún un ní òmíràn odindi. Tí tèmi bá kán, tó bá jẹ́ pé àléébù láti ilé-iṣẹ́ ló fà á, blank nìkan ni wọn yóò pààrọ̀. Iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: àlàfo láti ṣónṣó dé òrùka kọ̀ọ̀kan, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ sí, gígùn èèkù, orúkọ òwú. Mo ya fọ́tò ìwé náà, mo fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá oníṣọ́ọ̀bù. Tí a bá tún nílò rẹ̀, kò ní sí pé a ń wọn apá mi láti ìbẹ̀rẹ̀.