Plọ́ọ̀gì oníbàbà tàbí iridium: ohun tí mo ṣe sí Corolla mi

Corolla 2005 mi ń gbọ̀n tó bá ti dúró nínú sún-kẹẹrẹ, iná ẹ́ńjìnnì sì ń ṣẹ́jú. P0302 ni ẹ̀rọ ayẹ̀wò gbé jáde: sílíńdà kejì kò jó epo dáadáa. Mo gbé kọ́ìlì ibẹ̀ (òun ló ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo) sí ìkẹta, kọ́ọ̀dù yẹn ò yí padà, ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe kọ́ìlì ló ń dá a sílẹ̀. Bí mo ṣe tú plọ́ọ̀gì nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ, àlàfo rẹ̀ sì ti fẹ̀ ju mílímítà 1.1 lọ.

Mẹkáníìkì ní kí n ra oníbàbà, pé owó pọ́ọ́kú ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ inú ni bàbà yẹn wà; níkẹ́lì ló wà lẹ́nu, òun ló sì ń tètè jẹ. Iridium, irin líle kan, kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 2,446°C, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ṣe ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Òun náà ló wà nínú ìwé ọkọ̀.

Mo ra mẹ́rin. (Ayédèrú pọ̀ o! Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ki, ẹ dá a padà.) Ẹ́ńjìnnì tutù tán kí n tó tú u, ọwọ́ ni mo sì fi kọ́kọ́ wé tuntun wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin tẹ ẹnu iridium, ó ń ṣẹ́.

Gbígbọ̀n ti dáwọ́ dúró. Ti jẹnẹrétọ̀ ilé, oníbàbà ni mo ṣì ń rà.