Ẹ Ṣáájú Àwọn Oníjó Dé Káńtà: Bí A Ṣe Ń Mu Bíà Inú Àgbá Nídìí Ijó Morris

Bí ijó Morris, ijó ìbílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bá parí níwájú ilé ọtí abúlé kan, oníjó bí ogún àti àwọn onílù wọn á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Òùngbẹ á ti gbẹ gbogbo wọn, ẹni méjì péré ló sì máa ń wà lẹ́yìn káńtà. Ẹni tó bá dúró di ìgbà yẹn kó tó ra tirẹ̀ á tò pẹ́, àgbá tó dára jù sì lè ti gbẹ kó tó kàn án. Nítorí náà, ẹ ra ọtí yín kí àwọn oníjó tó dé, tàbí, ó pẹ́ tán, nígbà tí ijó tó gbẹ̀yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àkókò ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: àkókò àwọn oníjó, àkókò tí bíà fi ń dára nínú àgbá, àti àkókò bọ́ọ̀sì tó máa gbé yín padà sílé.

Ibi tí a ti ń rí wọn

Morris ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àkọsílẹ̀ wà pé ní ọdún 1448, ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù sanwó fún àwọn tó wá jó o. Lóde òní, nígbà òtútù, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti máa ń kọ́ ijó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń jáde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń mú alẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n á fi máa lọ láti ilé ọtí kan sí òmíràn. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bagman, ló ń bá àwọn onílé ọtí ṣètò; Squire ni olórí, Foreman ló ń kọ́ wọn níjó. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ń gbé ètò ọdún wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ẹgbẹ́ kankan, ẹ wo ojú ìwé àjọ mẹ́ta tó kó wọn jọ: Morris Ring tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, Morris Federation ní 1975, àti Open Morris ní 1979.

Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: orúkọ ilé ọtí, orúkọ abúlé, àti wákàtí. Orúkọ ilé ọtí nìkan kò tó, torí Red Lion àti Royal Oak pọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà bí ewé. Lẹ́yìn náà, ẹ fóònù sí ilé ọtí ọ̀hún lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Òjò lè sọ ijó di ti inú ilé, tàbí kí wọ́n fagi lé e. Ẹ bèèrè ìgbà tí ilé ìdáná ń palẹ̀ mọ́ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ilé ọtí ìgbèríko kì í dáná mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọn mìíràn kì í sì í ṣílẹ̀kùn rárá lọ́jọ́ Ajé.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ijó tí ẹ ń lọ wò. Ti Cotswold ni aṣọ funfun, oníjó mẹ́fà ní ìlà méjì, áńkáṣíìfù lọ́wọ́ tàbí igi. Ti Border, tó wá láti ààlà ilẹ̀ Wales, ni ẹ̀wù onírépé aláràbarà àti igi tí wọ́n ń gbá mọ́ra gidigidi. Ti North West ń wọ bàtà onígi, ó sì ń rìn lọ ní ìtò bí ìwọ́de. Irú tí wọ́n ń pè ní Rapper, tó wá láti àríwá ìlà oòrùn, ló bá ilé ọtí mu jù: ẹni márùn-ún, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ tó sì ní ìdìmú ní orí méjèèjì, wọ́n á sì jó o láàárín tábìlì pẹ̀lú ààyè díẹ̀ péré. Òjò kò lè dá a dúró.

Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lè kọ́kọ́ lọ sí Rochester ní Kent ní ìsinmi ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, torí ọkọ̀ ojú irin lọ tààrà, àwọn ẹgbẹ́ sì pọ̀ lójú pópó kan ṣoṣo. Bampton ní Oxfordshire ni ìgbèríko gidi: lọ́jọ́ Ajé ìsinmi ìparí oṣù Karùn-ún, láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n fi ń jó, láti àgbàlá ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn, kó tó wá kan ilé ọtí. Ẹnì kan máa ń gbé àkàrà òyìnbó sórí idà lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá gé díẹ̀ fún yín, ẹ gbà á, oríire ni. Ní Thaxted, Essex, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí oṣù Kẹfà dé tàbí lẹ́yìn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń yí àwọn abúlé ká lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á sì péjọ sójú pópó ìlú nírọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú ni wọ́n á jó ijó ìwo àgbọ̀nrín, pẹ̀lú gòjé òyìnbó kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ẹ má sì lọ sí káńtà.

Bíà tó ṣì wà láàyè

Ohun tí wọ́n ń pè ní real ale, tàbí cask ale, kì í ṣe bíà tó ti parí nígbà tó kúrò níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ nínú àgbá ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Gáàsì díẹ̀ tí ẹ máa rí lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ ló mú un jáde. Ẹni tó mọ ẹmu á tètè lóye: ẹmu tó dùn lówùúrọ̀ á ti kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti bíà yìí ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Onílé ọtí á gbé àgbá dùbúlẹ̀, á kan èèkàn igi kékeré sínú ihò tó wà lókè rẹ̀ kí gáàsì tó pọ̀ jù lè jáde, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sun sísàlẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti ń tà á, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé rọ́pò ọtí tó ń jáde, ìyẹn ló sì ń bà á jẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń dùn dáadáa.

Ẹ wá ṣírò. Àgbá tó wọ́pọ̀ jù, firkin, gba gálọ́ọ̀nù 9, ìyẹn páìntì 72, nǹkan bí lítà 41. Ilé ọtí tó ní ọ̀pá mẹ́fà tí wọ́n fi ń fa bíà lórí káńtà, àgbá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ ta páìntì 144 lójúmọ́ kí àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó lè tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Abúlé tí ènìyàn mẹ́jọ jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò lè tà tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ọ̀pá méjì tí ọwọ́ ń wà lára wọn nígbà gbogbo sàn ju mẹ́fà lọ. Ìṣírò yìí kan náà ló fi yé wa pé alẹ́ àwọn oníjó ni alẹ́ tó dára jù láti mu ún: ọtí ń jáde kíákíá, kò ráyè bàjẹ́. Àmọ́ àgbá tuntun kò ṣeé ṣàdédé gbé wá, torí ó ní láti sinmi. Bí wọ́n bá yí àmì tó wà lára ọ̀pá kan sẹ́yìn, èyí ti tán nìyẹn.

Ní káńtà

Ẹ máa wo ọwọ́ ẹni tó ń tà á. Bíà inú àgbá ni wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn fà sókè, tàbí kí wọ́n tú u tààrà láti ara àgbá tó wà lẹ́yìn káńtà. Èyí tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti tẹ ẹnu ẹ̀rọ, gáàsì ló ń tì í, ẹ̀yà mìíràn ni.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, kí ẹ béèrè ìyẹn. Bíà tó ti dúró nínú páìpù láti àná ti móoru, ó sì ti rọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rà á lọ́jọ́ náà ló ń jẹ ìyà rẹ̀, àfi bí onílé bá ti fa èyí tó wà nínú páìpù dànù. Ẹ lè béèrè fún ìtọ́wò díẹ̀ kí ẹ tó rà. Kò burú, bí èrò kò bá pọ̀. Òfin gba páìntì kan, tó jẹ́ mílílítà 568, ó gba ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdajì ni a gbà yín níyànjú fún alẹ́ tí ẹ ó dé ilé ọtí méjì tàbí mẹ́ta. Bí ìfófòó bá pọ̀ jù lókè ife, ẹ ní kí wọ́n fi kún un. Wọn kì í bínú sí i. Ní àríwá, wọ́n ń fi ohun kékeré oníhò sẹ́nu páìpù kí ìfófòó lè nípọn, ẹ má rò pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ.

Ìwọ̀n òtútù tó yẹ ẹ́ ni dígírì 11 sí 13. Kò gbóná, kò sì tutù bí ti fíríìjì. Ẹ má béèrè yìnyín, torí òtútù líle á pa adùn rẹ̀, ìkorò nìkan á sì kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mild, bíà tí kò korò púpọ̀, tàbí bitter, èyí tó korò díẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò ju 4% lọ. Ẹni tí stout ilé ti mọ́ lára á fẹ́ràn porter, bíà dúdú tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kó fi í pa mọ́ di ilé ọtí tó kẹ́yìn. Ẹni tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja kó béèrè, torí wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ṣe láti inú àpò afẹ́fẹ́ ẹja mú púpọ̀ nínú bíà yìí mọ́ gaara.

Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ ó mọ̀ ní ẹnu méjì. Bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́ jù. Bí ó bá ní adùn páálí tó tutù, ó ti pẹ́ jù. Bí ó bá dà bí bọ́tà, wọn kò jẹ́ kí ìwúkàrà parí iṣẹ́. Bí ó bá rú bí omi àkúnya, ìdí àgbá ni wọ́n fà fún yín, àfi tó bá jẹ́ irú tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má mú mọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má mu dé ìdajì kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ dá ife náà padà jẹ́jẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, onílé tó mọ iṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata.

Níta, nígbà tí ijó ń lọ

Ẹ fi nǹkan bí mítà méjì sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn oníjó. Igi máa ń ṣẹ́ lójijì, èérún rẹ̀ sì máa ń fò. Ẹ má gba àárín wọn kọjá, ẹ má sì dúró láàárín wọn àti onílù, torí ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ibi tó dára jù ni ẹ̀gbẹ́ onílù. Etí tó ti mọ ṣaworo ara ìyá ìlù ló máa jàǹfààní jù níbẹ̀: nínú ẹgbẹ́ tó dáńgájíá, ṣaworo ẹsẹ̀ ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á balẹ̀ papọ̀ bí ohùn kan ṣoṣo, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i.

Ẹ fi ife yín sábẹ́ òjìji. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ba èròjà òdòdó hops tí wọ́n fi ń pọn bíà jẹ́, kò sì ní pẹ́ tí òórùn burúkú á fi máa jáde nínú ife gíláàsì. Ẹ mú owó kéékèèké dání fún fìlà tí wọ́n máa gbé kiri. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá jó èyí tó kẹ́yìn, ẹ gbé ife kalẹ̀ kí ẹ tó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa aláwọ̀ dúdú. Tẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Border kan máa ń kun ojú wọn dúdú kanlẹ̀. Ní ọdún 2020, àjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dárúkọ lókè pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́, torí ó ń dun àwọn ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn ti yí sí àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, tàbí ìbòjú. Ẹ wo àwòrán ẹgbẹ́ kan kí ẹ tó yàn án. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́ ìpè yẹn ni ó yẹ kí owó yín wọ fìlà rẹ̀.

Ìpadàbọ̀

Ẹ wá àkókò bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kí ẹ tó kúrò nílé, torí ní abúlé púpọ̀ ó máa ń lọ kí ijó tó parí. Bí ẹ bá pọ̀, kí ẹnì kan má fẹnu kan ọtí rárá, òun ni kó wa ọkọ̀. Òfin ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iye páìntì kan tó bá ìwọ̀n yẹn mu lára gbogbo ènìyàn. Páìntì kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 4% jẹ́ yúnìtì 2.3 (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọtí líle), ohun tí àwọn elétò ìlera Bìrìtìkó sì sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ju 14 lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mu omi láàárín ilé ọtí kan sí èkejì.

Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn lálẹ́ lójú ọ̀nà tí kò ní ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀, apá ọ̀tún ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè máa kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì tan iná tọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì bá gbà yín láàyè, ẹ má tètè lọ. Lẹ́yìn ijó, àwọn onílù sábà máa ń jókòó sí igun kan, kí wọ́n sì máa kọrin títí agogo ìpè ìkẹyìn á fi dún. Bí ó bá dún, ẹ ó ṣì lè ra ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ mu èyí tó wà lọ́wọ́ tán, kí ẹ sì gbé ife yín padà sórí káńtà.