Bí a ṣe ń tún dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ìgbòkun oní-fáíbà tí omi ti wọ̀ ṣe

Ọkọ̀ ìgbòkun tí ayàwòrán tó mọṣẹ́ bá yà kì í tètè gbó. Àwọn ọkọ̀ ìgbòkun Swan 36 tí Sparkman & Stephens yà, tí ilé-iṣẹ́ Nautor sì kọ́ ní Finland ní àwọn ọdún 1960, ṣì wà lórí omi. Ojú ihò bóòtù tí a fi de nǹkan mọ́ dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn pèpéle òkè ọkọ̀, ni ìyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì púpọ̀ jẹ́ fáíbà lókè, fáíbà nísàlẹ̀, igi fúyẹ́ tí ń jẹ́ balsa láàárín. Bí ohun tí wọ́n fi dí ìdí bóòtù bá gbó, omi á yọ́ wọlé, igi á jẹrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ṣe l'Óṣogbo lè gba iṣẹ́ yìí l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹ ó fi àwọn àṣà ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀ nílé.

Ẹ fi ìdí screwdriver kan dẹ́ẹ̀kì káàkiri, sẹ̀ǹtímítà 5 síra wọn. Ibi tó dá a á dún kó-kó, ibi tó ti jẹrà á dún bù-bù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Kí gíríńdà gé awọ òkè nìkan, mìlímítà 3 sí 5. Ẹ tọ́jú awọ náà, òun la ó dá padà. Ẹ ha igi tó jẹrà títí ẹ ó fi kan èyí tó funfun, tó gbẹ. Ẹ fi ọ̀rá àti tépù bò ó mọ́jú: bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá, ẹ ṣì ní sùúrù. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù.

Balsa tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iṣan rẹ̀ dúró gangan láti awọ dé awọ. Wọ́n lè ní kí ẹ fi pákó arère rọ́pò torí pé ó fúyẹ́. Ẹ má gbà: omi á bá iṣan pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ lọ jìnnà.

Epoxy, lẹ́ẹ̀ olómi tí à ń po mọ́ hardener (èròjà tó ń mú un gan), wá ni ìṣòro gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ kí pólísítà, lẹ́ẹ̀ fáíbà tí ẹ ń lò fún bọ́ńpà, tètè gan, ẹ máa ń fi catalyst, èròjà tó ń mú un gan, kún un. Epoxy kò gba ìyẹn rárá. Bí wọ́n bá kọ 5 sí 1 sára agolo, 5 sí 1 náà ni, epoxy 5, hardener 1; hardener tó bá lé kò ní mú un yá, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀, ẹ ó sì padà ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ má po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí nínú ooru tiwa, èyí tó bá pọ̀ nínú kọ́ọ̀pù á gbóná títí á fi rú èéfín. Ẹ dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ṣàn kun igi títí kò fi ní mu mọ́, kí ẹ tó lo èyí tó ki. Igi tí kò mu yó á fa epoxy inú lẹ́ẹ̀ náà, awọ á sì ṣí. Bí ẹ bá ti dá awọ òkè padà sórí balsa tuntun, ẹ ha etí rẹ̀ àti etí awọ dẹ́ẹ̀kì tó yí i ká wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlọ́po 12 nínípọn rẹ̀, kí ẹ tó tẹ́ fáíbà tuntun lé e. Bó bá gan, ẹ fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ ṣáájú sáńpépà.

Fún bóòtù mìlímítà 10, ẹ lu ihò 16, ẹ fi tépù dí ìsàlẹ̀, ẹ rọ epoxy tó ki kún un. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lu 10 sí àárín rẹ̀. Ẹ gbẹ́ etí ihò lókè díẹ̀, kí ohun ìdíhò lè ráyè jókòó. Ẹ má lo silicone; ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ti kàn. Bí ẹ bá ń dè é, kí ẹnì kan di orí bóòtù mú lókè kó má yí, kí ẹnì kejì máa yí nọ́ọ̀tù nísàlẹ̀. Bóòtù tó bá yí ti tú ohun tí ẹ fi dí i.