Òògùn èébì inú ọkọ̀: kẹ́ ẹ tó dé Èbúté ni kẹ́ ẹ ti lò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ bóòtù l'Ébùúté Ìkòròdú lọ sí CMS tàbí Falomo, tí èébì máa ń gbé yín tí ìgbì bá ti ń ju bóòtù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Àárín ọ̀sà lèmi wà lọ́jọ́ yẹn kí n tó rántí òògùn, mo gbé e mì, kò tíì délẹ̀ tó fi bá èébì jáde. Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lẹ máa lò ó o, tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù nìyẹn.

Inú etí ló ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì, ojú tẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ fóònù ń sọ pé rárá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn. Ẹ fi fóònù sápò, ẹ máa wo ọ̀ọ́kán, ẹ jókòó sí àárín bóòtù torí iwájú ló ń fò jù. Tó bá jẹ́ dánfó, iwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà ló dáa.

Tẹ́ ẹ bá dé kẹ́míìsì, promethazine ni kẹ́ ẹ béèrè, òun náà ni Phenergan. 25 mg fún àgbàlagbà, bíi wákàtí kan ṣáájú. Oorun ẹ̀ le gan-an, ẹnu á tún máa gbẹ, torí náà ẹ má wakọ̀, ẹ má gun ọ̀kadà fúnra yín, ẹ má sì fi ọtí lé e. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ò gbọdọ̀ lò ó rárá, ó lè dí i léèémí, mo bẹ̀ yín. Cinnarizine náà wà, 30 mg, wákàtí 2 ṣáájú.

Wọ́n máa ń fún èèyàn ní Buscopan, inú rírun nìyẹn wà fún, kì í ṣe èébì ọkọ̀. Metoclopramide àti ondansetron náà ń ṣiṣẹ́ fún èébì míì, ṣùgbọ́n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ran ti ọkọ̀. Aláboyún, ẹni tó ní ìṣòro ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, bàbá tí ìtọ̀ ń ṣòro fún, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná.

Tẹ́ ẹ bá sì ń bì nínú ilé, tí ara ń gbóná, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà, kẹ́ ẹ máa mu ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì náà, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.