Bí A Ṣe Ń Yẹ Orí Eléré Orí Kẹ̀kẹ́ Arọ Wò

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Èmi ni mo ń bá àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní Òṣogbo gbé àpò ìtọ́jú. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún gbogbo kóòṣì ni pé kí ẹ tó lè mọ̀ bóyá ọpọlọ ọmọ kan mì, ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ara rẹ̀ le. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

SCAT6 tó jáde lọ́dún 2023 ni fọ́ọ̀mù tí àwọn dókítà eré ìdárayá ń lò láti mọ̀ bóyá ọpọlọ eléré mì. Ó dáa, àmọ́ ó ní kí èèyàn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó sì dijú. Ìyẹn kò bá àwọn tiwa mu. Àwọn olùwádìí ti ṣe èyí tó bá wọn mu, WESS, tó ń ka àṣìṣe ẹni tó wà lórí ìjókòó bó ṣe ń gbìyànjú láti má fì. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé ọmọ á jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an, bẹ́líìtì á wà ní dídì, á káwọ́ mọ́ àyà, á dijú fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Mo ń ka iye ìgbà tó lajú, tó di táyà mú, tàbí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá lè káwọ́, mo ń kọ ibi tó gbé ọwọ́ sí, ká lè ṣe é bákan náà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ bi í nípa orí fífọ́, ọrùn dídùn, àárẹ̀ àti oorun. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa ló ń jí pẹ̀lú ọrùn dídùn lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún un, kó sọ èyí tó bá rántí, kó sì ka oṣù láti Dìsẹ́ńbà padà sẹ́yìn. Èdè kan náà ni kẹ́ ẹ lò nígbà méjèèjì, ìyẹn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá fara pa.

Tí kẹ̀kẹ́ bá dojú dé, bẹ́líìtì á ṣì so ọmọ mọ́ ọn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì sáré wá fà á dìde. Ẹ dá wọn dúró! Ẹ kúnlẹ̀ síbi tó ti lè rí yín láì yí ọrùn. "Ọmọ mi, má mi orí o. Ṣé ọrùn ń dùn ẹ́? Ṣé ọwọ́ ẹ ń kú?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà, kẹ́ ẹ pe 112. Ẹni tó dákú, tí gìrì mú, tó ń bì léraléra, tàbí tó ń sùn lọ, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ gbé e kúrò lórí pápá, kẹ́ ẹ bi í pé: Níbo la wà? Ta ló jù ú wọlé gbẹ̀yìn? Ta la bá gbá kẹ́yìn, ṣé a borí? Kó sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àyẹ̀wò wé ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tẹ́ ẹ bá fura sí kò gbọdọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ náà, kódà bí ife bá fẹ́ bọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún orí fífọ́ tó bá òógùn wá. Lára ẹni tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn láti àyà sókè, ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ló kún tàbí bẹ́líìtì ló fún jù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru lójijì. Tí ọrùn rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí kò bá wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ ti ara rẹ̀ láti ilé dé Òkè-Fìà kò tíì sinmi. Lẹ́yìn náà kó máa padà díẹ̀díẹ̀, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gba ọjọ́ kan ó kéré tán, kí dókítà sì fọwọ́ sí i kó tó tún kọ lu ẹnikẹ́ni.